Ìjọ àti Ọ̀rọ̀ Ìlú ní Lekki àti Ajah: Ohun Tó Yẹ Kí Onígbàgbọ́ Mọ̀

Títì ìjọba, ẹ̀ṣọ́ ìjọ

Bí ẹ bá gba títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ àwọ̀lékè tó ń tàn yòò, tí wọ́n kọ orúkọ ìjọ wọn sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan á nawọ́ sókè, kọ̀rọ̀pẹ̀ tó ń bọ̀ láti Sangotedo á dúró, danfo á dúró, jíìpù bíi mẹ́wàá á sì rọra máa yà wọ ọgbà ìjọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ lọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ òru mọ́jú wà nínú danfo yẹn. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ní Ikate náà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi ẹ̀ṣọ́ ìjọ pé ta ló fún un láṣẹ lórí títì tí wọ́n fi owó gbogbo ìlú ṣe.

Nǹkan kékeré ni, àmọ́ ó jẹ́ ká mọ̀ pé àríyànjiyàn tó gbòde, pé ṣé ó tọ́ kí ìjọ dá sí ọ̀rọ̀ ìlú, ti gbó. Ìjọ ti wà nínú ọ̀rọ̀ ìlú ní agbègbè yìí tipẹ́. Ó gba ilẹ̀, ó kọ́lé sí etí gọ́tà, ó ń lo títì, ó ń pariwo, ó gba òṣìṣẹ́, ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kọmíṣọ́nnà àti agbẹjọ́rò àgbà sì ń jókòó níwájú nínú ìsìn rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yemi Osinbajo tó ṣe igbákejì ààrẹ láti 2015 sí 2023, pásítọ̀ ìjọ Ìràpadà, RCCG, ni. Ìjọ kan ní Banana Island, Ikoyi, ló ń bójú tó kó tó dé ipò náà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ máa gbé káàkiri yàtọ̀ sí ti àtijọ́: nígbà tí ìjọ bá bá ìjọba sọ̀rọ̀, tàbí tó bá dákẹ́, ẹ̀kọ́ wo nípa Ọlọ́run ló wà nídìí rẹ̀, ta ni ó sì ń gbè?

Irinṣẹ́ kan láti South Africa

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, lẹ́yìn tí ìjọba aláwọ̀ funfun ní South Africa ti kéde òfin pàjáwìrì, àwọn onímọ̀ Bíbélì àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó lé ní 150 fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n pè ní Kairos Document. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló wà nínú ìjọ nípa ìjọba. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀kọ́ tó ń gbè lẹ́yìn aláṣẹ: á fa Róòmù orí 13 yọ, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ̀rọ̀ ìtẹríba, á fi pa gbogbo ẹni tó fẹ́ ké lẹ́nu mọ́. Èkejì ni ẹ̀kọ́ oníwọ̀ntúnwọ̀nsì, tó ń wàásù àlàáfíà àti ìdáríjì láìbéèrè ẹni tó jẹ̀bi, nítorí kò fẹ́ kí inú ẹnikẹ́ni bàjẹ́. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́ wòlíì. Ìyẹn máa ń kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, kó tó mọ ibi tí òun yóò dúró sí.

Ẹ gbé irinṣẹ́ yìí lọ sí ìsìn ìdúpẹ́ èyíkéyìí tí gómìnà tàbí alága ìjọba ìbílẹ̀ bá wá. Ẹ ó gbọ́ Róòmù 13 dáadáa. Ẹ tẹ́tí kí ẹ mọ̀ bóyá ẹ ó gbọ́ Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 5, níbi tí Pétérù ti sọ fún ìgbìmọ̀ àwọn àgbà pé ti Ọlọ́run ni àwọn máa kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ sì rántí pé Pọ́ọ̀lù tó kọ Róòmù 13 yẹn kan náà ló bi ọ̀gágun Róòmù léèrè bóyá ó bófin mu láti na ọmọ onílùú láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, òun náà ló sì pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ́dọ̀ Késárì. Ẹni tó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ó sì lò ó.

Àwọn Kátólíìkì ní ẹ̀kọ́ tiwọn tí wọ́n ti ń kọ sílẹ̀ ní pẹrẹu láti ọdún 1891, nígbà tí Póòpù Leo Kẹtàlá gbé ìwé Rerum Novarum jáde lórí òṣìṣẹ́ àti owó iṣẹ́. Ohun tó sọ níbẹ̀ le: pé bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ gbà láti gba owó táṣẹ́rẹ́ nítorí ebi, gbígbà tó gbà yẹn kò tíì sọ owó náà di ẹ̀tọ́; ó gbọ́dọ̀ tó láti gbọ́ bùkátà ẹni tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Ní Ajah gan-an, létí títì Ẹ̀pẹ́, Lagos Business School wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Opus Dei ti Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1991, tó ń fi ìwà ọmọlúàbí nínú okòwò kọ́ àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ń kọjá níwájú rẹ̀ láìmọ̀ pé ẹ̀kọ́ ìsìn wà nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ẹ̀kọ́ yìí wọn ọ̀rọ̀ ilé tiwa. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Ti ìjọba Èkó jẹ́ ₦85,000. Ṣùgbọ́n òfin owó oṣù ọdún 2019 yọ ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ń ṣọ́ géètì yín, ọmọbìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ ilé, dírẹ́bà, kò sí èyí tí òfin yẹn dáàbò bò nínú wọn. Ibi tí òfin ti dúró gan-an ni ẹ̀kọ́ ìjọ yẹ kó ti máa bá iṣẹ́ lọ. Ní gbogbo ẹ́sítéètì tó tò lọ láti Lekki Phase 1 títí dé Abraham Adesanya, ó yẹ kí ìwàásù kan máa wà lọ́dọọdún lórí owó oṣù máígádì. Ìdámẹ́wàá ni a máa ń gbọ́.

Crowther, Kòsọ́kọ́ àti Ẹ̀pẹ́

Àwọn kan máa ń sọ pé ìjọ àwọn baba wa kò dá sí òṣèlú. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1851, Àjàyí Crowther, tí kò tíì di bíṣọ́ọ̀bù nígbà náà, wà ní ààfin Windsor pẹ̀lú Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀, Albert. Wọ́n tẹ́ àwòrán ilẹ̀ síwájú, Albert ń bi í nípa Èkó àti òwò ẹrú. Ọbabìnrin ní kó ka Àdúrà Olúwa lédè Yorùbá kí òun gbọ́ bó ṣe ń dún létí. Ohun tí Crowther ń wá nílùú Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún yẹn ni pé kí wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ Kòsọ́kọ́ tó ń ta ẹrú, kí wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè.

Kí ọdún náà tó parí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu Èkó. Kòsọ́kọ́ sá, ó tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, ìlú tí títì wa yìí ń lọ. Ibẹ̀ ló ti bá wọn ṣe àdéhùn ní 1854, tó sì ń bá òwò rẹ̀ lọ ní Palma, létí òkun apá Lekki. Òwò ẹrú ní Èkó dáwọ́ dúró. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìbọn yẹn, ní 1861, Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó pátápátá, kò sì lọ fún nǹkan bí ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún.

Mo fara mọ́ Crowther lórí ẹrú. Ẹrú ni òun fúnra rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìjọ tó bá lọ bẹ aláṣẹ fún ohun rere gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí aláṣẹ náà ń bọ̀ wá gbà lẹ́yìn rẹ̀.

Máròkó, Otodo Gbame àti ọgbà àjàrà Nábótì

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń fi owó gọbọi yá ní Oniru àti ní etí Lekki Phase 1, orí ilẹ̀ Máròkó, àdúgbò àwọn tálákà tẹ́lẹ̀, tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà. Ọjọ́ 14, oṣù keje, ọdún 1990 ni gómìnà ológun, Raji Rasaki, kó katapílà àti ẹ̀ṣọ́ agbófinró wọ ibẹ̀. Ìkìlọ̀ ọjọ́ méje ni wọ́n fún àwọn ará ibẹ̀. Iye tí wọ́n máa ń dá fún àwọn tó pàdánù ilé jẹ́ nǹkan bí 300,000. Ìjọba ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, pé omi lè gbé e, pé ibẹ̀ kò mọ́. Àwọn díẹ̀ rí ibi forí pamọ́ sí ní ẹ́sítéètì Ilasan àti Ikota, nínú ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí. Àwọn yòókù túká. Ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ jù fún tálákà yẹn ni wọ́n wá da iyanrìn sí, tí wọ́n là ní pulọ́ọ̀tì fún olówó.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọjá, ó tún ṣẹlẹ̀. Otodo Gbame jẹ́ abúlé apẹja létí ọ̀sà, ó fara kan Lekki Phase 1, Ègùn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ọjọ́ 7, oṣù kọkànlá, ọdún 2016, ilé ẹjọ́ gíga Èkó ti pàṣẹ pé kí ìjọba má wó àwọn abúlé etí omi náà. Lọ́jọ́ méjì lẹ́yìn náà, iná àti katapílà dé. Àjọ Amnesty International ní nǹkan bí 30,000 ènìyàn ló di aláìnílé. Àwọn tó padà kọ́ àtíbàbà, wọ́n tún lé wọn ní oṣù kẹta 2017. Ní ọjọ́ 9, oṣù kẹrin, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n lé wọn kanlẹ̀ pẹ̀lú ìbọn àti tajútajú. Àwọn kan bẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń sùn nínú rẹ̀ lábẹ́ afárá.

Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹfà ọdún kan náà, Adájọ́ Adeniyi Onigbanjo dá ẹjọ́ pé lílé ènìyàn kúrò nílé láìfún wọn ní ibòmíràn jẹ́ ìwà ìkà tó tàbùkù ọmọ ènìyàn, pé ó ta ko ìwé òfin ilẹ̀ wa. Àwọn ará àdúgbò etí omi fúnra wọn, pẹ̀lú agbẹjọ́rò àjọ Justice and Empowerment Initiatives, ló gbé ẹjọ́ náà lọ. Ẹ bi ara yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìjọ ní Lekki lọ́dún yẹn: ṣé ẹ gbọ́ orúkọ Otodo Gbame lórí pẹpẹ rí? Ojú fèrèsé ilé kan sí òmíràn ni èéfín rẹ̀ ń gbà wọlé.

Bíbélì ní ìtàn tó bá èyí mu, a sì máa ń kà á bí ẹni pé ìkìlọ̀ nípa ìyàwó burúkú ni. Nínú 1 Àwọn Ọba orí 21, Ọba Áhábù fẹ́ ọgbà àjàrà Nábótì nítorí pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ó ní òun máa fún un ní òmíràn tó dára jù, tàbí owó. Nábótì kọ̀, ogún baba rẹ̀ ni. Jésébẹ́lì wá kọ̀wé lórúkọ ọba, ó lu òǹtẹ̀ ọba sí i, ó fi ránṣẹ́ sáwọn àgbààgbà ìlú. Kí ni ohun àkọ́kọ́ tó wà nínú ìwé náà? Kí wọ́n kéde ààwẹ̀. Àwọn àgbààgbà kéde ààwẹ̀, wọ́n gbé ẹlẹ́rìí èké jókòó, wọ́n sì pa ọkùnrin náà lábẹ́ òfin. Ìwé ìjọba pé, àwọn àgbà ìlú fọwọ́ sí i, ààwẹ̀ sì ni wọ́n fi bò ó. Lẹ́yìn náà ni Èlíjà lọ. Kò dúró sí ilé àdúrà kó máa ránṣẹ́. Inú ọgbà tí wọ́n gbà náà ló ti pàdé ọba.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wíwó ilé ni ọ̀rọ̀ Nábótì. Ẹni tó bá mọ bí omi ṣe ń kún Ikota àti ojú ọ̀nà Orchid kò ní sọ pé kí ìjọba fi ẹni tó kọ́lé sójú odò sílẹ̀. Láti 2023 ni kọmíṣọ́nnà àyíká, Tokunbo Wahab, ti ń wó ilé olówó náà lójú ọ̀nà omi Ikota, ó sì ní ìdí. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fún gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ padà nítorí ànfààní gbogbo ìlú, òfin kan náà sì ní kí wọ́n san owó ohun tí ènìyàn ti kọ́ síbẹ̀. Ohun tí ẹ̀kọ́ wòlíì ń béèrè lọ́wọ́ onígbàgbọ́ ni pé kó wádìí. Ṣé wọ́n fún wọn ní ìkìlọ̀ tó tó? Ṣé àṣẹ ilé ẹjọ́ wà nílẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ lójú? Níbo ni wọn yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà? Ta ló wá ni ilẹ̀ náà lẹ́yìn ọdún méjì? Ìdáhùn ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń tú àṣírí. Nígbà tí títì etíkun Èkó sí Calabar bẹ̀rẹ̀ ní 2024, tí àwọn ará Okun-Ajah ń pariwo pé wọ́n ti yí ojú ọ̀nà náà wọ ilẹ̀ àwọn, ìbéèrè mẹ́rin yìí ni ìbá dára kí ìjọ tó wà nítòsí béèrè, kí wọ́n tó sọ pé ẹjọ́ ìjọba ni.

Nígbà tí òfin bá kan ilẹ̀kùn ìjọ fúnra rẹ̀

Ní oṣù kẹjọ 2016, ìjọba Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́sálásí 20 pa nítorí ariwo, pẹ̀lú hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí bíi mẹ́wàá. LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ fún àdúgbò ilé gbígbé ni desibẹ́ẹ̀lì 55 lọ́sàn-án, 45 lóru. Àwọn pásítọ̀ kan pè é ní inúnibíni.

Òfin kò bá wọn sọ ọ́. Apá 38 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa fún gbogbo ènìyàn lómìnira ẹ̀sìn. Apá 45 sì sọ pé òfin lè dín in kù nítorí ìlera ìlú tàbí nítorí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Oorun aládùúgbò wà nínú ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Nínú 1 Kọ́ríńtì 14, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ béèrè ohun tí àlejò yóò rò bó bá wọlé tó bá gbogbo ìjọ tí wọ́n ń fọ èdè àjèjì pa pọ̀. Ó bẹ̀rù pé á ní orí wọn ti dàrú. Ìjọ kan ní Badore tó kọ súpíkà mẹ́rin síta sójú títì lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ta ni wọ́n ń wàásù fún láago mẹ́ta òru? Ọmọ tó ní ìdánwò láàárọ̀, ìyá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru kiri, Mùsùlùmí tó fẹ́ jí fún àsùbáà. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀bẹ̀ sí pásítọ̀ tí kò gbọ́, wọ́n lè kọ ọ́ sí LASEPA, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni tó kọ ọ́ bá jẹ́ ọmọ ìjọ náà gan-an.

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ wúwo ju ariwo lọ. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue ní Ikotun wó, ó pa ènìyàn 116, ará South Africa ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìwádìí ilé ẹjọ́ tí adájọ́ májísíréètì Oyetade Komolafe darí sọ ní 2015 pé kò sí ìwé àṣẹ ìkọ́lé fún ilé náà. Ìgbàgbọ́ kì í ró òpó.

Pẹpẹ àti àpótí ìbò

Òfin ìdìbò ilẹ̀ wa kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo ilé ìjọsìn fún ìpolongo ìbò, tàbí láti gbé ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí olùdíje ga, tàbí láti bù wọ́n kù. Pásítọ̀ tó bá dárúkọ ẹni tí ìjọ máa dìbò fún láti orí pẹpẹ ti rú òfin, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ tí ọkàn yín fẹ́. Òfin kò sọ pé kó má wàásù nípa olè jíjà, kó má rán ìjọ létí káàdì ìdìbò, kó má gbàdúrà fún ìlú.

Àwọn kan ti wá ọ̀nà mìíràn. Poju Oyemade ti Covenant Christian Centre dá ìpàdé The Platform sílẹ̀, tí wọ́n máa ń ṣe ní ọjọ́ òṣìṣẹ́ àti ọjọ́ òmìnira; níbẹ̀ ni Peter Obi ti sọ̀rọ̀ ní 2016 lórí bí ìjọba ṣe lè dín ìnáwó kù, ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń gbé kiri títí di òní. Tunde Bakare lọ jìnnà ju ìyẹn lọ: òun ló ṣe igbákejì Buhari nínú ìdíje 2011, òun àti ẹgbẹ́ Save Nigeria Group ló sì wà níwájú ní Ojota ní oṣù kìíní 2012 nígbà tí owó epo fò sókè. Mo fẹ́ràn ti Ojota ju ti ìdíje lọ. Ní Ojota, ohun tó kan elépo àti aláta ló gbé e jáde. Nínú ìdíje, òun náà di ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ ká máa bi léèrè.

Ní 2023, gbogbo ẹnu ìjọ kún fún pé Mùsùlùmí àti Mùsùlùmí ni APC fà kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká sọ ni. Àmọ́ nígbà tí a sọ ọ́ tán, ta ló béèrè lọ́wọ́ olùdíje èyíkéyìí ohun tó máa ṣe sí iye owó ilé ní Ajah?

Jóẹ́lì ní tóògéètì

Nínú oṣù kẹwàá 2020, Enoch Adeboye, olùdarí àgbà RCCG, kọ ọ́ sórí Twitter pé òun wà lẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́ tako ìwà ìkà ọlọ́pàá. Ìdí tó fi tì wọ́n lẹ́yìn ló yẹ ká kíyè sí: àsọtẹ́lẹ̀ Jóẹ́lì, pé àwọn ọmọbìnrin yóò sọ tẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin yóò rí ìran. Ó ní ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ wà láàyè kí ìran rẹ̀ tó lè ṣẹ. Ẹsẹ Bíbélì tí à ń kà fún ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, tí a rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìkan ni, ó fi bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀. Èyí gan-an ni mo ń pè ní ẹ̀kọ́ ìjọ tó bá ọ̀rọ̀ ìlú pàdé, kò sì gbà ju gbólóhùn méjì lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù náà, sójà yìnbọn ní tóògéètì Lekki, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ náà ti ń wọ́de. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Doris Okuwobi darí gbé àbọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2021. Ìjọba Èkó kọ ọ̀pọ̀ nínú ohun tó sọ nípa alẹ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ìjọ ti gbàdúrà fún àwọn tó kú. Àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà wà níta fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ tó bá lè ka ìwé Dáníẹ́lì tán lóṣù kan lè kà á.

Ẹjọ́ ta ni?

Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń wọn ìjọ: ẹjọ́ wo ló máa ń gbé e dé kóòtù? Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹta, ọdún 1980, ìjọba Lateef Jakande kéde pé òun fẹ́ fòpin sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni l'Ékòó. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Kátólíìkì, Anthony Olubunmi Okogie, pe ìjọba lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì gbà pé ẹ̀tọ́ láti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ wà lára ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn ẹni. Ti ìjọ ni ó ń jà fún, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni láti Langbasa títí dé Sangotedo, Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí, ló ń jẹ nínú rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ 2020, òfin iléeṣẹ́ tuntun, CAMA, jáde; apá 839 rẹ̀ fún CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lágbára láti dá àwọn alábòójútó ẹgbẹ́, títí kan ìjọ, dúró bí wọ́n bá hùwà tí kò tọ́. Bíṣọ́ọ̀bù Oyedepo ti ìjọ Winners bínú, CAN, ẹgbẹ́ àwọn Onígbàgbọ́ ilẹ̀ wa, bínú. Ẹ̀rù tó bà wọ́n kì í ṣe asán. Aláṣẹ tó bá ní irú agbára yẹn lè fi gbẹ̀san. Ohun tó ń dùn mí ni bí ohùn náà ṣe ròkè tó. Bí ìdajì rẹ̀ bá ròkè fún Otodo Gbame ní 2016, bóyá katapílà ìbá dúró díẹ̀.

Ohun tí ẹ lè gbé lọ sípàdé ìjọ

Kí ẹ tó bi gómìnà léèrè, ẹ bi ìjọ yín. Ṣé ilé ìjọsìn yín ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ LASPPPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́? Ọ̀pọ̀ ìjọ ní Ajah ló bẹ̀rẹ̀ nínú ilé gbígbé tí wọn kò sì yí ìwé rẹ̀ padà. Owó orí ńkọ́? Òfin kò gba owó orí lórí ọrẹ àti ìdámẹ́wàá tí ìjọ ń lò fún iṣẹ́ ìsìn, ṣùgbọ́n owó oṣù pásítọ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èrè okòwò tí ìjọ ń ṣe. Owó Land Use Charge, tí ìjọba Èkó ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀, kò kan ibi ìjọsìn. Bí ìjọ bá fi ilé rẹ̀ rẹ́ǹtì, ó kàn án.

Nípa ti ìjọba, bí àbá òfin bá dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Alausa, wọ́n máa ń pe ìpàdé ìta gbangba, ẹnikẹ́ni ló sì lè mú ìwé lọ. Gọ́tà, ọjà àti títì àdúgbò, ẹ gbé ti yín lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ àdúgbò yín; ní Ajah, Etí-Ọ̀sà East ni. Òfin ọdún 2011 lórí ẹ̀tọ́ láti gba ìròyìn fún yín láyè láti kọ̀wé béèrè iye tí wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún kọngílá, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń béèrè.

Agbẹjọ́rò kún inú ìjọ Lekki. Ohun tó yẹ kí ẹ dá sílẹ̀ ni tábìlì kan nínú gbọ̀ngán ìjọ, Sátidé kan lóṣù, agbẹjọ́rò kan tó máa jókòó sídìí rẹ̀ fún wákàtí méjì láìgbowó, tó lè ka ìwé ìkìlọ̀ fún apẹja tàbí ayálégbé tí kò mọ òyìnbó, kó sì sọ fún un bóyá ó lè lọ sí kóòtù. Kí wọ́n kéde rẹ̀ ní èdè Ègùn náà. Kí wọ́n sì kìlọ̀ pé kí ẹni tó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ má ṣe dúró de Sátidé, nítorí ọjọ́ méje ni wọ́n sábà máa ń fún wọn.